Ta Ni Yóò Ra Páánù Ilé Àtijọ́?

Ṣàngó tí mo ń gbé ní Ìbàdàn kì í ṣe àdúgbò tí àlejò ń wá ilé àtijọ́ wá. Ẹni tó bá ti Mọ́kọ́lá bọ̀ yóò rí ọjà, yóò rí ṣọ́ọ̀bù alájà méjì àti mẹ́ta, yóò rí ọkọ̀ Micra tó tò bí èèrà, yóò sì rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólì tí wọ́n ń wá yàrá tí wọn yóò háyà. Ilé tí a kọ́ lánàá ni a ń wó lónìí kí a lè kọ́ òmíràn tó ga jù ú lọ. Láàrin irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo ń ronú nípa ilé tí òfin sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó, àti nípa ohun tó ń mú kí irú ilé bẹ́ẹ̀ wó síbẹ̀síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ti ọ̀nà jíjìn bẹ̀rẹ̀. Ilé kan wà ní Yorkshire, ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ń jẹ́ Harewood House. Ọdún 1759 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, ọdún 1771 ni olówó rẹ̀, Edwin Lascelles, kó wọ inú rẹ̀. John Carr ló ya àwòrán ilé náà, Robert Adam ló ṣe ọ̀ṣọ́ inú rẹ̀, Thomas Chippendale, gbẹ́nàgbẹ́nà tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri nígbà náà, ló sì kan àga àti tábìlì tó wà níbẹ̀. Ọba mẹ́rin tí wọ́n ń jẹ́ George ló jẹ tẹ̀léra wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1714 títí di 1830. Orúkọ wọn ni a fi ń pe irú ilé tí àwọn ọlọ́rọ̀ kọ́ sí ìgbèríko ní sáà náà: ilé Georgian.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣeé kà bí a ṣe ń ka ewì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú àwòrán rẹ̀, kí ó fa ìlà kan láàrin rẹ̀ láti orí òrùlé dé ilẹ̀. Apá ọ̀tún àti apá òsì yóò bá ara wọn mu bí ìyẹ́ apá ẹyẹ. Iye fèrèsé tó wà níhìn-ín ni yóò wà lọ́hùn-ún. Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé yóò wà ní agbedeméjì gan-an, àwọn òpó rìbìtì máa ń dúró níwájú rẹ̀, wọn a sì gbé òrùlé onígun mẹ́ta kékeré kan lé orí. Fèrèsé àjà tí olówó ilé ti ń gba àlejò ló máa ń ga jù. Ti òkè pátápátá máa ń kéré, nítorí pé àwọn ọmọ àti ìránṣẹ́ ló ń sùn síbẹ̀. Ẹni tó dúró síta ti mọ ẹni tó ṣe pàtàkì nínú ilé náà kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún un. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò dá ọgbọ́n yìí rò fúnra wọn. Ọ̀dọ̀ Andrea Palladio, ará Ítálì tí ìwé rẹ̀ lórí ilé kíkọ́ jáde ní 1570, ni wọ́n ti kọ́ ọ, òun náà sì kọ́ ọ láti ara àwókù ilé àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́.

Ẹ̀yìn ọ̀ṣọ́ ni owó wà. Henry Lascelles, bàbá Edwin, ṣòwò ní erékùṣù Barbados. Oko ìrèké, owó èlé tí ó ń yá àwọn olóko, àti ọmọ ènìyàn tí a kó láti ilẹ̀ Áfíríkà tí a sì tà bí ẹran ló sọ ìdílé náà di ọlọ́rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn wa wà nínú ṣúgà tó kọ́ ilé náà. Mo sọ èyí kí olùkọ́ tó bá fẹ́ fi àwòrán ilé náà han ọmọ má baà dákẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe àbójútó Harewood lónìí pàápàá kò dákẹ́ lórí rẹ̀ mọ́.

Òwò burúkú kan náà ló kó àwọn Yorùbá lọ sí Bùràsíìlì àti Kúbà, pàápàá nígbà tí ogun dé lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé túká. Lára wọn ni àwọn tó ra ara wọn padà, tí wọ́n sì wọkọ̀ ojú omi wálé. Nígbà tí ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ṣẹlẹ̀ ní Bahia ní 1835 tí ìjọba ibẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ni wọ́n lára, àwọn tó ń padà túbọ̀ pọ̀ sí i. Èkó ni ọ̀pọ̀ wọn tẹ̀dó sí, a sì ń pè wọ́n ní Àgùdà. Wọn kò kó wúrà bọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kó iṣẹ́ ọwọ́ bọ̀: iṣẹ́ bíríkìlà, iṣẹ́ kápíńtà, ọgbọ́n bí a ṣe ń mọ òdòdó sára ògiri. João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lọ sí Bùràsíìlì ní kékeré, kọ́ Ilé Omi sí òpópónà Kákáwá ní 1885. João Baptista da Costa, tí kì í ṣe Mùsùlùmí, àti Sanusi Aka ni wọ́n jọ kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Ṣáájú gbogbo ìyẹn, ní 1855, ìdílé Fernandez ti kọ́ ilé alájà kan sí ẹ̀gbẹ́ Tinúbú, ilé tí orí ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ bí òṣùmàrè. Ní 1933 ni ẹlòmíràn, Alfred Omolana Olaiya, rà á, tó sì sọ ọ́ ní Ilojo Bar.

Ẹ wá fa ìlà kan náà láàrin ilé Àgùdà. Apá méjèèjì yóò bá ara wọn mu. Ẹnu ọ̀nà wà láàrin, ọ̀nà tóóró kan la inú ilé já títí dé ẹ̀yìnkùlé, yàrá sì tò lọ́tùn-ún lósì. Ó yàtọ̀ pátápátá sí agbo ilé tiwa, níbi tí àwọn yàrá ti yí àgbàlá ká tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì so wọ́n pọ̀, tí òjò ń rọ̀ sí àárín tí àwọn ìyàwó ilé sì ń gbe e sínú ìkòkò. Ní èrò tèmi, ìyípadà tó tóbi jù tó bá ilé Yorùbá ní igba ọdún sẹ́yìn kì í ṣe sìmẹ́ǹtì, kì í ṣe páánù. Àgbàlá tó di ọ̀nà tóóró ni. Àgbàlá ń kó ènìyàn jọ. Ọ̀nà tóóró ń jẹ́ kí wọ́n kọjá lára ara wọn ni.

Reluwé dé Ìbàdàn ní 1901. Kòkó tẹ̀lé e, owó tẹ̀lé kòkó, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sì tẹ̀lé owó. Bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ilé Àgùdà ṣe gòkè wá, tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ orí láàrin àwọn agbo ilé ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ní Bẹẹrẹ, ní Òkè Àdó. Amọ̀ ni ògiri wọn, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ lójú. Olówó ilé a ní kí bíríkìlà mọ kìnnìún méjì sí iwájú, kí ó mọ òdòdó yí fèrèsé ká, kí ó sì kọ ọdún tí ilé parí sí orí ògiri kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè kà á. Ọ̀nà tóóró náà kò sì kú. Ó wà ní Ṣàngó ńbí. Ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólì ń háyà, èyí tí a ń pè ní kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ, tí yàrá mẹ́wàá kọjú síra wọn tí ọ̀nà kan sì wà láàrin, ọmọ-ọmọ ilé Àgùdà ni. Wọ́n kàn bọ́ gbogbo ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ ni.

Ní sáà ètò ẹ̀kọ́ kan, mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní S.S. 2 lọ sí Gbọ̀ngàn Mápó. Mo fẹ́ kí wọ́n rí ìbátan ilé Georgian tó súnmọ́ wa jù lọ. Orí òkè ló wà bí ilé olówó ìgbèríko. Ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ ń wo òrùlé ìpẹtà lọ títí dé ibi tí ojú lè rí mọ. Òyìnbó amójú-ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Taffy Jones ló ṣe kòkáárí kíkọ́ rẹ̀, Captain Ross tó jẹ́ aṣojú ìjọba òyìnbó ló sì ṣí i ní 1929. Àwọn òpó gbàǹgbà wà níwájú rẹ̀. Mo ní kí àwọn ọmọ fa ìlà àárín, wọ́n fà á. Mo ní kí wọ́n sọ ohun tí ilé náà ń sọ fún ẹni tó ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀ Ọjà'ba. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ó ń sọ pé kí a dọ̀bálẹ̀.” Ìdáhùn náà tẹ́ mi lọ́rùn, mo sì sọ fún wọn pé ìlú ti gba ẹnu ilé náà sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà. Iwájú ìlú ni a ń dúró sí níbẹ̀ báyìí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi adé lé Ọba Rashidi Ladọja lórí gẹ́gẹ́ bí Olúbàdàn ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025.

Ọmọkùnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ wá na ọwọ́ sókè.

“Mà, ṣé òyìnbó ló ni í àbí àwa?”

Mo ní àwa ni.

“Ta ló wá ń kùn ún, Mà?”

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé kò sí ìbéèrè míì tó ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ lórí ilé àtijọ́. Ní ti Mápó, ìjọba ló ń kùn ún, a sì ti tún un ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àmọ́ Mápó jẹ́ ilé ìpàdé ìlú, kò sí ẹni tí yóò jí lọ́jọ́ kan tí yóò ní òun fẹ́ fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ilé ìdílé ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ le.

Ilojo Bar ni ẹ̀rí. Ní 1956, kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó ni ín kò láṣẹ láti yí i padà tàbí wó o láìgba ìyọ̀ǹda. Òfin Nọ́ńbà 77 ti 1979 tó dá àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí sílẹ̀ tún fi èdìdì dì í. Ọgọ́ta ọdún ni orúkọ ilé náà fi wà nínú ìwé. Ní ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ni, nígbà tí ọ́fíìsì wà ní títì. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, òkìtì bíríkì ló kù. Ilé tí ọmọ ẹrú tó dòmìnira kọ́ ti lọ. Ilé tí olówó ẹrú kọ́ ní Yorkshire ṣì wà nílẹ̀.

Ó rọrùn láti sọ pé a kò mọyì ohun wa, kí a sì fi bẹ́ẹ̀ jókòó. N kò gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà parí sí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ti wó tiwọn. Láàrin 1875 sí 1975, ó ju ẹgbẹ̀rún kan ilé olówó ìgbèríko tí wọ́n wó. Owó orí tí wọ́n ń san lórí ogún ti pọ̀ jù, àwọn ìránṣẹ́ ti lọ sójú ogun tàbí sí ilé iṣẹ́, òrùlé sì ń jò. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ilé àtijọ́ sílẹ̀ jáde ní 1947, wíwó kò sì dáwọ́ dúró. Ní 1974, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù kó àwòrán àwọn ilé tó ti lọ sójú kan fún àwọn aráàlú láti wò, ìgbà náà ni ojú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn là. Harewood wà ní ipò kìíní nínú ìwé ìjọba, ipò tí ó jẹ́ pé nínú ogójì ilé tí a kọ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹyọ kan péré ló ń dé ibẹ̀. Kì í ṣe ipò yẹn ló ń ra òrùlé rẹ̀. Ní 1986 ni wọ́n fa ilé náà àti ọgbà rẹ̀ lé ẹgbẹ́ aláàánú kan lọ́wọ́. Àwọn àlejò ń san owó ìwọlé, wọ́n ń jẹun níbẹ̀, wọ́n ń mú ọmọ wọn wá wo ẹyẹ, owó yẹn sì wà lára ohun tó ń tún ilé ṣe. Àwọn ọmọ Lascelles ṣì ń gbé nínú rẹ̀.

Àwọn àgbà wa ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo ti gbọ́ òwe yìí lẹ́nu àwọn tó ń ta ilé bàbá wọn, wọ́n sì máa ń pa á bí ẹni pé ẹ̀rí ni. Ilé ọba ni òwe náà wí. Ọba ní ìlú lẹ́yìn tí yóò bá a tún un kọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí nítorí pé ilé kan wà nítòsí Ọjà'ba tí bàbá bàbá mi fi owó kòkó kọ́ ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn ogun Hitler. Kò sí nínú ìwé ìjọba kankan. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ó ní kìnnìún méjì níwájú, ọ̀kan ti pàdánù imú. Àtẹ̀gùn pákó rẹ̀ ń dún bí a bá ń gùn ún, àwa ọmọ ilé sì mọ àtẹ̀gùn tí a kò gbọdọ̀ tẹ̀ bí a bá pẹ́ níta lálẹ́. Ògiri amọ̀ náà nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀sán oṣù Kejì kì í fi í gbóná nínú yàrá. Yàrá tí mo háyà ní Ṣàngó, tí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́, kò mọ irú ìtura bẹ́ẹ̀.

Páánù ẹ̀yìn ilé ti jẹrà. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Èkó ti rí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ náà kọ́ ilé ìtajà, olórí ẹbí sì pe ìpàdé. Bíríkìlà kan tí a pè wá wo ilé náà sọ ohun tí n kò retí. Ó ní kì í ṣe òjò nìkan ló ń ba ògiri jẹ́, sìmẹ́ǹtì tí àwọn bàbá wa fi rẹ́ ẹ wà lára rẹ̀. Ògiri amọ̀ ń mí, ó ń mu omi, ó sì ń dá a padà fún oòrùn. Bí sìmẹ́ǹtì bá bò ó, omi tó gba òkè wọlé kò rí ọ̀nà jáde, amọ̀ a sì máa rà nínú bí iṣu tó ti jẹrà nínú èèpo. Mo rántí pé ohun kan náà ni àwọn tó ń tún ilé Georgian ṣe ń sọ. Láìmù, ìyẹn òkúta funfun tí a sun tí a sì lọ̀ kúnná, ni wọ́n fi kọ́ ilé wọn, ẹni tó bá sì fi sìmẹ́ǹtì dí ojú rẹ̀ lónìí, bíba ni ó ń ba a jẹ́.

Ìpàdé náà le. Ẹ̀gbọ́n mi kò purọ́. Ó ní ọmọ ẹbí mẹ́rìnlélógún ló ní ẹ̀tọ́ sí ilé náà, mẹ́ta péré ló ń gbé ibẹ̀, òun nìkan sì ló san owó iná ọdún tó kọjá. Ó bi wá pé, “Ṣé ìrántí ni a ó máa jẹ ni?” Ìyá wa kan, ọmọ-osú tó ti dàgbà, dáhùn pé yàrá ìsàlẹ̀ tó wà lápá òsì ni wọ́n ti bí òun, pé bí wọ́n bá fẹ́ tà á, kí wọ́n dúró kí òun kọ́kọ́ kú. Olórí ẹbí ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Gbogbo wa gbé ojú sókè wo ògiri ẹ̀yìn tó ti lanu ní tòótọ́, ẹ̀rín sì pa wá láìfẹ́.

Nígbà tí ó kàn mí, mo kí àwọn àgbà, mo ní n kò ní bẹ ẹnikẹ́ni pé kó má tà á. Mo ní kí a kọ́kọ́ ra páánù. Ilé tí òrùlé rẹ̀ bá ti ṣí, òjò ti bá wa tà á, a ò sì ní rí owó kankan gbà lọ́wọ́ òjò. Bí òrùlé bá dúró, a lè fi yàrá ìsàlẹ̀ méjèèjì iwájú háyà fún àwọn aláṣọ Ọjà'ba tó ń wá ibi tí wọn yóò kó ẹrù sí, kí owó yẹn sì máa tún ilé ṣe lọ́dọọdún. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìyẹn kò tó nǹkan. Òótọ́ ni, kò tó ohun tí oníṣọ́ọ̀bù yóò san.

Kápíńtà wọn òrùlé, ó ní ìdì páánù mẹ́sàn-án ni yóò gbà, pẹ̀lú igi tuntun ní apá ẹ̀yìn. A fi ọ̀rọ̀ títà sí ẹ̀yìn Iléyá, nígbà tí gbogbo ẹbí bá wálé. Owó ìdì mẹ́fà ló ti wọlé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, iṣẹ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Méjì nínú mẹ́fà yẹn ti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ti Èkó wá. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú àtẹ̀jíṣẹ́ tó tẹ̀lé owó náà pé kí ẹnikẹ́ni má rò pé òun ti yí ọkàn padà.